PÀṢÁN ORÍ ÀJÀ: FÍFI ÌYÀ FA Ọ̀RỌ̀ YỌ LẸ́NU NÍNÚ ÌTÀN Ọ̀TẸLẸ̀MÚYẸ́ YORÙBÁ

Ìfáàrà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọ̀rọ̀ orogún ni a sábà máa ń ka òwe yìí sí, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ agbára àti ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìyàwó tí ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń na ìyálé kò gbé ojú sókè wo àjà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, òwe náà ni a óò fi ṣe àtùpà láti yẹ ohun kan wò tí ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ nínú ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Yorùbá, tí ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ ní àhámọ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ohun náà ni fífi ìyà fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ẹni tí a fura sí.

Ohun tí ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré kan lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a ti ń kọ́ni, ní ààlà Ṣómólú àti Bàríga, a ń ka ìtàn Lápàdé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò àṣekágbá. Nígbà tí a dé ibi tí Lápàdé ti fi ọwọ́ líle bi ẹnìkan léèrè ọ̀rọ̀, kíláàsì hó yè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ní ìjókòó ẹ̀yìn, ni ó dorí kodò. Lẹ́yìn tí agogo ró, ó bá wa ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹni tí wọ́n ń nà nínú ìwé yẹn, ó kúkú mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ nǹkan kan.' Ó wá sọ bí wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóru ní òpópó ilé wọn, bí ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àhámọ́, àti bí ó ti padà wálé tí kò lè gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè láti wọ ẹ̀wù. Ó ti fọwọ́ sí ìwé kan tí wọn kò jẹ́ kí ó kà.

A ti ka iṣẹ́ àwọn lámèyítọ́ lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti ìgbà tí a ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n a kò tí ì gbọ́ èyí tí ó kan ojú ọ̀rọ̀ ju gbólóhùn méjì tí ọmọ yìí sọ lọ. Àlàyé gbólóhùn méjì náà ni gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe níbí.

Òǹkọ̀wé méjì, ọ̀nà méjì

Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Kọ́lá Akínlàdé ni òpómúléró irú ìtàn àròsọ yìí. Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀lé e ní 1971. Ní ọdún 1971 yìí kan náà ni Akínlàdé gbé Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? jáde, Owó Ẹ̀jẹ̀ sì dé ní 1976. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó mú ìtàn àròsọ wa kúrò nínú igbó irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà fi hàn wá, tí wọ́n sì mú un wọ ìgboro, láàrin ọkọ̀, ìbọn, owó àti ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olú ẹ̀dá-ìtàn wọn ń gbà wádìí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ gedegbe. Lápàdé, ẹ̀dá-ìtàn Òkédìjí, ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí kí ó tó kúrò níbẹ̀. Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun àti Tàfá Ìgìrípá a máa wọ ibi tí ẹ̀rù ń ba ẹlòmíràn láti wọ̀. Ẹ̀ṣẹ́, ìhàlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó mú ju abẹ lọ ni irinṣẹ́ wọn. Akin Olúṣínà, ẹ̀dá-ìtàn Akínlàdé, ìbéèrè ni ó fi ń rìn ní tirẹ̀. A máa fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan wé ti ẹnìkejì, a máa wo ipa ẹsẹ̀ tí ọ̀daràn fi sílẹ̀, a sì máa fi sùúrù ro ohun tí ó gbọ́ kí ó tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn lámèyítọ́ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọ̀ ìtàn James Hadley Chase hàn lára ti Òkédìjí, pé ti Akínlàdé sì súnmọ́ ti Arthur Conan Doyle àti Agatha Christie. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi mọ síbẹ̀, a kàn ń ka orúkọ àwọn òyìnbó fún olùyẹ̀wò ìdánwò ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: kí ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ẹni tí ó ń kà á nípa òtítọ́, àti nípa ọmọ ènìyàn?

Ohun tí asọ̀tàn mọ̀ tí ọlọ́pàá kò mọ̀

Nínú ìtàn irú ti Lápàdé, asọ̀tàn ti jẹ́ kí a fura sí ọ̀daràn kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. A ti mọ̀ pé ẹni burúkú ni. A ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ní ikùn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á tí ó sì jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ rẹ̀ bá ohun tí a ti ń retí mu. Ẹ̀ṣẹ́ wá dàbí kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí àpótí. Òǹkọ̀wé ni ó kó ọ̀rọ̀ sínú àpótí náà, òun kan náà ni ó rọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò sí bí wọn kò ṣe ní í bá ara wọn mu.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí asọ̀tàn. Ẹni tí ó di kóńdó mú kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ nǹkan kan. Ìbá ṣe pé ó mọ̀ ni, kì bá tí máa bi í. Ẹni tí ó mọ òtítọ́ lè sọ ọ́ kí ìyà lè dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wá irọ́ tí ó jọ òtítọ́ kí ìyà lè dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò jáde ní ohùn kan náà, pẹ̀lú omijé kan náà. Ìyà ni ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu. Ohun tí ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn rí nìyí tí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ kò rí: ẹni inú ìwé mọ ohun tí wọ́n ń bi í, nítorí pé òǹkọ̀wé ti pinnu pé kí ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a bá wá wo ọ̀dọ̀ Akínlàdé, a óò rí i pé ìhun ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ èsì. Ìtàn tí ó bá ń béèrè pé ta ló ṣe é kò lè dúró bí kò bá sí ju ẹnìkan lọ tí a lè fura sí. Ẹni tí ojú gbogbo ayé sì kọ́kọ́ wò kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ṣe é. Ká ní Akin Olúṣínà mú ẹni àkọ́kọ́ tí a fura sí, kí ó so ó rọ̀, kí ó sì nà án títí tí yóò fi jẹ́wọ́, ìtàn ì bá parí ní orí kẹta. Aláìṣẹ̀ ì bá lọ sí ẹ̀wọ̀n, ọ̀daràn gan-an ì bá sì wà láàrin àwọn tí yóò wá kí i pé ó kú iṣẹ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ẹni tí ó fi pàṣán gbọ́ ẹjọ́ kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà. Ohùn ara rẹ̀ ni ó gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn.

Ìgbà tí a kọ àwọn ìwé náà, àti ìgbà tiwa

Kì yóò tọ́ kí a dá Òkédìjí lẹ́bi láìwo ìgbà tí ó kọ̀wé. Rògbòdìyàn ìṣèlú ti da Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà rú láti 1962. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 sí 1970, ìbọn sì wá wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìjọba ológun ṣe òfin ikú fún adigunjalè ní 1970. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, 1971, ọdún kan náà tí Àgbàlagbà Akàn jáde, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, olórí adigunjalè, ní etí òkun ní Èkó lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó ń kàwé ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí oòrùn tó wọ̀, ní ìdí láti fẹ́ràn Lápàdé. Òkédìjí rí ìbẹ̀rù yìí, ó sì fún un ní ara àti ẹ̀jẹ̀.

Ìbẹ̀rù yìí kan náà ni ó bí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a pè ní SARS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1992 láti dojú kọ àwọn adigunjalè. Lápàdé inú ìwé kò ní ìjọba lẹ́yìn. Lápàdé tuntun yìí ní ìjọba, ó ní ọkọ̀, ó ní àhámọ́, ó sì ní ìwé tí a ń fọwọ́ sí. Adigunjalè ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù olówó iyebíye tàbí tí ó di irun rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Pàṣán ìyálé ti bọ́ sílẹ̀ láti orí àjà. Ìròyìn tí àjọ Amnesty International gbé jáde ní oṣù Kẹfà, 2020 ka ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹni, ìlòkulò àti ìpànìyàn láìlọ sílé ẹjọ́ tí kò dín ní 82 sí wọn lọ́rùn, láàrin oṣù Kìíní, 2017 àti oṣù Karùn-ún, 2020. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro, a kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, 2020 pé a ti tú ẹ̀ka náà ká. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní oṣù náà, Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi ni ó sì ṣe alága rẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ náà ni tọkùnrin tobìnrin ti fi àpá ara wọn jẹ́rìí.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́ ni ti Moses Akatugba. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n mú un ní ìpínlẹ̀ Delta ní 2005 lórí ẹ̀sùn olè jíjà. Ó ní wọ́n nà án, wọ́n sì fa èékánná rẹ̀ yọ, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un; ní 2015 ni gómìnà ìpínlẹ̀ náà dárí jì í. Ọdún mẹ́wàá ni ìwé kan gbà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Àwa tí a ń gbé ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó yẹ kí a mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ohun tí a kọ sórí bébà kò di òtítọ́ nítorí pé a kọ ọ́.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Abala 34 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 kọ ìfìyàjẹni pátápátá. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí ilé ẹjọ́ lo ìjẹ́wọ́ tí a fi ìnilára gbà. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí tí a tún ṣe ní 2011, ní kí a ya fídíò ẹni tí ó ń jẹ́wọ́, tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tí ó lòdì sí ìfìyàjẹni wà láti 1984, Nàìjíríà sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2001. Ní 2017, òfin àpapọ̀ mìíràn sọ pé ẹni tí ó bá fìyà jẹ ènìyàn ní àhámọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 25. Òfin kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n ni ọkàn tí yóò bínú nígbà tí a bá ń rú òfin náà lórí ẹni tí a kò fẹ́ràn. Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé àtẹ́wọ́ kíláàsì wa ni ẹ̀rí pé òfin kò tí ì wọ ọkàn.

Àwíjàre kan

Ẹnìkan lè wí pé, 'Bí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ bá gbé ọmọ rẹ ńkọ́, tí ọwọ́ sì tẹ ọ̀kan nínú wọn, ṣé ìwọ kò ní í nà án?' Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Òbí wo ni kò ní í fẹ́ nà án? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń tú ìtàn. A ti gbà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí a mú wà lára wọn. Pé ó mọ ibi tí ọmọ wà. Pé wọn kò tí ì gbé ọmọ kúrò níbẹ̀. Àti pé òtítọ́ ni yóò sọ, kì í ṣe irọ́ tí yóò rán àwọn olùwá lọ sí ibòmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ta ni ó fún wa ní ìdánilójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí? Asọ̀tàn ni. Ìtàn àròsọ ni àwíjàre náà, a sì ń fẹ́ kí ìjọba fi ṣe òfin.

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá pàápàá ti ṣìnà níbí. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ibn al-Shaykh al-Libi sọ ọ̀rọ̀ nígbà tí ó wà ní àhámọ́ ní Íjíbítì, pé ìjọba Ìráàkì ń kọ́ àwọn al-Qaeda ní ìlò ohun ìjà olóró. Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù Kejì, 2003, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà ní irọ́ ni òun pa kí wọ́n lè yé fìyà jẹ òun. Ní 2014, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tí ó wádìí ohun tí CIA ṣe ní àhámọ́ rẹ̀ kéde pé ọwọ́ líle kò wúlò láti fi gba òtítọ́.

Ewu tí ó wà fún ẹni tí ó di pàṣán mú

Ní ibi tí a dé yìí, n kò lè máa sọ pé 'a' mọ́. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, owó tí àwọn ọmọ kíláàsì mi dá fún ìwé sọnù. Mo to àwọn ọmọkùnrin tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ní ìlà, mo mú ẹgba, mo sì ń bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ẹnì kẹrin, ó jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹja gbígbẹ, san owó náà, ó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì mi jáde pátápátá láti tún un ṣe, mo sì bá owó náà nínú àpòòwé tí ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé èé ṣe tí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ó ní, 'Mo rí i pé ẹ kò ní í dáwọ́ dúró, sà, àfi bí ẹnìkan bá jẹ́wọ́.'

Mo dá owó ìyá rẹ̀ padà, mo sì tọrọ àforíjì níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgba náà ni ó ń bà mí lẹ́rù jù títí di òní. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tí ọmọ náà jẹ́wọ́, inú mi dùn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo fi rí olè. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni n kò ti wá owó náà mọ́, tí ó sì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi.

Bí ó ti rí fún ìjọba nìyẹn. Ìjọba tí ó bá ti gbọ́jú lé ìjẹ́wọ́ tí ìyà bí kò ní í kọ́ ọlọ́pàá rẹ̀ ní ọ̀nà ìwádìí mìíràn. Iṣẹ́ tí Akin Olúṣínà fi sùúrù ṣe yóò sọnù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀daràn gidi yóò máa rìn kiri. Ẹni tí ó ń nani yóò máa pàdánù àánú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí igbe ọmọ ènìyàn yóò fi dàbí ariwo ọkọ̀ ní etí rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dé ilé, ọwọ́ kan náà ni yóò fi gbé ọmọ rẹ̀.

Fún àwọn tí ń múra ìdánwò

Bí a bá bi yín pé kí ẹ fi Lápàdé wé Akin Olúṣínà, ẹ má ṣe fi mọ sí pé ọ̀kan lágbára, èkejì gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí asọ̀tàn dúró sí àti ohun tí ó ti fi hàn wá kí ìjẹ́wọ́ tó wáyé. Ẹ wá sọ bí ìhun ìtàn kọ̀ọ̀kan ti ń darí ìdájọ́ òǹkàwé: ọ̀kan ń mú kí ara wa gbóná, èkejì ń mú kí a ṣiyèméjì. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ so ó mọ́ àwùjọ, kí ẹ sì fi ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Kí ẹ ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì. Òkédìjí kò kọ ìwé láti yin ìjọba oníkóńdó. Ó mú Lápàdé kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, èyí sì jẹ́ àríwísí sí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó kọ Rẹ́rẹ́ Rún ní 1973, tí ó fi hàn wá bí agbára ti tẹ Láwúwo, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, mọ́lẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi dàrú, kò ṣàìmọ ohun tí aláìlágbára ń jẹ níyà. Ẹwà èdè rẹ̀, àti bí òwe ti ń ṣàn lẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ní ti Akínlàdé, ayé inú ìwé rẹ̀ létò ju tiwa lọ. Òtítọ́ máa ń dé níbẹ̀ kí ojú ewé tó tán, èyí kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ ní Bàríga. Olùkọ́ tí ó bá ka ọ̀kan láìka èkejì fi apá kan òtítọ́ pamọ́ fún ọmọ.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìyà tí ó ń mú òtítọ́ jáde nínú ìtàn, ọgbọ́n asọ̀tàn ni ó mú un jáde, kì í ṣe ìyà. Pé nígbà tí ìjọba bá yá ọgbọ́n yìí lò láìní asọ̀tàn, irọ́ àti àbùkù ni èrè rẹ̀. Àti pé ẹni tí ó di pàṣán mú pẹ̀lú kò bọ́ nínú ewu. A kò sọ pé kí a má ka Lápàdé mọ́. Ní sáà tí ó tẹ̀lé ti àtẹ́wọ́ yẹn, a tún ka orí ìwé kan náà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ní kí olúkúlùkù kọ ohun kan sílẹ̀: báwo ni Lápàdé ṣe mọ̀ pé ẹni yìí mọ̀? Wọ́n kọ ọ́ títí agogo fi ró. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fẹ́ ka tòun.